Ṣé lóòótọ́ ni CIA ń kó àṣírí pamọ́ sọ́dọ̀ Amazon?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Maryland ti di ọmọ Amẹ́ríkà báyìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ kláòdù lọ́dọ̀ kọ́ńtírátọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, wọ́n ní kó gba clearance, ìyẹn àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba, kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń sọ fún mi pé CIA ti kó fáìlì wọn lọ sórí kláòdù Amazon. Ṣé Amazon tí a ti ń ra bàtà yìí náà? Ẹ̀rù ò ba àwọn èèyàn yìí ni? Tẹ́nì kan bá ráyè wọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣebí gbogbo ẹ̀ ló máa kó lọ?"

Àbúrò mi, ẹ̀rín pa mí níbi bàtà yẹn o. Amazon yẹn náà ni, àmọ́ kì í ṣe ibi tí bàtà wà. Kláòdù ni pé kéèyàn háyà kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ míì láti kó fáìlì tiẹ̀ sí. Lọ́dún 2013 CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, gbé kọ́ńtírátì 600 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹ̀ka kláòdù wọn tí wọ́n ń pè ní AWS, fún ọdún mẹ́wàá. Inú bí IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ iṣẹ́ yẹn, wọ́n fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ GAO, àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, Amazon ló wá gba kóòtù lọ, kóòtù dá Amazon láre ní October ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa di 2020 CIA ti ṣe òmíì, wọ́n pín in fún ilé iṣẹ́ márùn-ún, Amazon, Microsoft, Google, Oracle àti IBM tó ń bínú lẹ́ẹ̀kan yẹn. NSA, àjọ wọn tó ń ṣamí lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, náà gbé tiwọn fún Amazon, iye ẹ̀ lè tó 10 bílíọ̀nù dọ́là. Australia náà kéde ní July 2024 pé àwọn máa ná 2 bílíọ̀nù dọ́là tiwọn lórí irú ẹ̀, Amazon náà ló máa kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, tí bàtà ẹ wà lórí ẹ̀ àti server tí àṣírí CIA wà lórí ẹ̀ ò mọ ara wọn rárá. Ilé ọ̀tọ̀, wáyà ọ̀tọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ò dé ibẹ̀, ẹni tó máa tún un ṣe gan-an gbọ́dọ̀ ní clearance. Bí ẹni pé bíríkìlà tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún gbogbo ayé ni ọba pè kó wá kọ́lé sínú ààfin, ọwọ́ kan náà, bíríkì kan náà, àmọ́ oníbàárà ṣọ́ọ̀bù ò lè ṣèèṣì rìn wọ yàrá ọba. Torí náà ẹni tó bá ń rò pé ọmọ yahoo kan máa jókòó síbì kan, á máa gbìyànjú pásíwọọ̀dù títí táṣírí Amẹ́ríkà á fi dà sílẹ̀, kó lọ fọkàn balẹ̀. Ibi tẹ́rù ti ń ba èmi kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà, tí sikiọ́rítì sì kí i káàárọ̀.

Kí ló tiẹ̀ mú wọn kó gbogbo ẹ̀ jọ? Wọn ò ya wèrè o. Ṣáájú September 11, 2001, CIA ti mọ̀ nípa ọkùnrin méjì kan tó ń bá al-Qaeda rìn, Nawaf al-Hazmi àti Khalid al-Mihdhar, ọ̀rọ̀ ò tètè dé etí FBI, àjọ tó ń ṣèwádìí ọ̀daràn nínú Amẹ́ríkà, ìgbà tí August ọdún yẹn ti ń parí lọ ni FBI ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá wọn kiri, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó kọlu Pentagon. Àjọ kan mọ nǹkan tí èkejì ò mọ̀, èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 kú lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà ni orin ti yí padà ní Washington. Tẹ́lẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ bá kàn nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ó wá di pé ẹni tó bá mọ̀ kó tètè sọ fún ẹnìkejì ẹ̀. Kláòdù kàn wá rọ èyí lọ́rùn ni, tí fáìlì gbogbo wọn bá wà lójú kan, ẹni tó ń wá orúkọ kan lè wá a nínú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní í sọ pé kí wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ wo ohun tó bá a wá. Lọ́dún 2010, sójà kan tó wà ní Iraq, Chelsea Manning, ọmọ ọdún 22, kó ìwé àwọn ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà tó lé ní 250,000 jáde. Báwo ló ṣe kó o? Ó gbé CD tí wọ́n kọ orúkọ olórin sí lára wọ ọ́fíìsì, ó pa orin orí ẹ̀ rẹ́, ó ń da fáìlì sí i, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń bá orin lọ. Kò sí ẹni tó bi í pé kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ìwé ẹ́ḿbásì Abuja àti ti consulate Lagos wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka ohun táwọn olóṣèlú wa lọ ń sọ létí òyìnbó ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ó wá yẹ kéèyàn béèrè, kí ló kan sójà tó wà nínú iyanrìn Iraq nínú ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan sọ ní Lagos? Kò kàn án. Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ sójú kan ni, ẹni tó bá sì ti ní clearance, ilẹ̀kùn ti ṣí fún un, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èwo gan-an ló fẹ́ wò.

Ìyẹn kì í tiẹ̀ í ṣe kláòdù, lóòótọ́. Mo mú un wá torí pé àrùn yẹn ò kúrò lára wọn. Jack Teixeira, ọmọ ọdún 21, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní bárékè àwọn Air National Guard kan, ìyẹn sójà òfuurufú, ní Massachusetts. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe ní báǹkì, ó ní láti wọ ibi tówó wà, àmọ́ kò yẹ kó máa kà á. Òun ń kà á. Ó kọ́kọ́ ń tẹ ọ̀rọ̀ inú fáìlì àṣírí sínú gúrúpù Discord fáwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá géèmù, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í prínt wọn, ó ń gbé e lọ ilé, ó ń ya fọ́tò ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọ̀gá ẹ̀ rí i. Ní September 2022 wọ́n bá a níbi tó ti ń kọ nǹkan láti inú fáìlì, wọ́n ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ní October wọ́n tún bá a wí, ní January wọ́n tún rí i níbi tí kò kàn án. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta! April 2023 ni wọ́n tó mú un, November 2024 adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 15. Kọ̀ǹpútà ò ṣe àṣìṣe kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí wọ́n ní kó ṣe náà ló ṣe. O ti mọ òwe tó wà lẹ́nu mi nípa ikú ilé àti ikú òde, jẹ́ n má wulẹ̀ pa á.

Àwọn kan á ní ṣé ìgbà tí kálukú ń tọ́jú tiẹ̀ ò wá dáa jù báyìí? Irọ́ ni. Ẹ̀ka kan wà nínú CIA tó ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já wọ kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì, ẹ̀ka yẹn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn lọ́tọ̀, kò sí Amazon kankan níbẹ̀. Lọ́dún 2016 òṣìṣẹ́ wọn kan kó o, ní 2017 WikiLeaks, ìkànnì tó ń tú àṣírí síta, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí CIA ṣèwádìí ara wọn, wọ́n rí i pé àwọn admin, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ń lo pásíwọọ̀dù kan náà láàárín ara wọn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ flash tó ń wọlé tó ń jáde, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ká ní WikiLeaks ò tẹ̀ ẹ́ jáde ni, ó ṣeé ṣe káwọn má tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti lọ. Ẹni tó kó o, Joshua Schulte, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 40 ní 2024. Torí náà yàrá tèmi ò ju yàrá tìẹ lọ o, tí kò bá ti sẹ́ni tó ń ka ẹni tó wọlé.

Lẹ́yìn tí Edward Snowden, admin kan tó ń bá NSA ṣiṣẹ́, kó àṣírí wọn síta ní 2013, ọ̀gá NSA nígbà yẹn, Keith Alexander, sọ pé àwọn máa dín àwọn admin kù tó nǹkan bí 90 nínú 100, káwọn jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ wọn lórí kláòdù. Ó mọ́gbọ́n dání, ṣé o rí i? Tí ọwọ́ tó ń kan ìkòkò bá kéré, kò ní í rọrùn fún olè. Àmọ́ ọwọ́ mẹ́wàá tó kù yẹn ńkọ́? Wọ́n ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Admin àtijọ́ lè ba yàrá kan jẹ́, èyí tó kù yìí, tó bá ti dójú ẹ̀, gbogbo ilé ni. Iye ìgbà tí olè lè wọlé dín kù, ohun tí olè kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ló wá pọ̀.

Ká wá bọ́ sí èyí tí mo mọ̀ dáadáa torí iṣẹ́ mi ni, ìyẹn àṣìṣe. Lórí kláòdù, àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní bucket, o máa da fáìlì sí i, o máa sọ ẹni tó lè ṣí i. Ìlà kan péré ló wà láàárín "ọ̀gá mi nìkan" àti "gbogbo ayé". Ní September 2017, àwọn tó ń wá irú àṣìṣe báyìí kiri rí bucket kan lórí AWS, AWS gbangba tiwa yìí, orúkọ ẹ̀ ni "inscom", INSCOM sì ni ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sójà Amẹ́ríkà. Kò sí pásíwọọ̀dù. Tẹ àdírẹ́sì ẹ̀ sínú bráwúsà báyìí, fáìlì àti fódà 47 á tò sílẹ̀ níwájú ẹ, mẹ́ta nínú ẹ̀ ṣeé gbé lọ. Èyí tó tóbi jù jẹ́ odindi kọ̀ǹpútà tí wọ́n ká sínú fáìlì kan, wọ́n kọ Top Secret sára ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kankan ò gbọ́dọ̀ rí i. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ní dátà 100 náírà lọ́jọ́ yẹn lè rí i.

Mi ò ní í bú wọn púpọ̀, torí èmi náà ti ṣe é rí. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Lagos láyé ọjọ́un, ọjọ́ Friday ni, aago mẹ́rin ti lù, mo fẹ́ sáré jáde kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Third Mainland tó bẹ̀rẹ̀, app tí à ń ṣe ò rí fáìlì kan ṣí, gbogbo ohun tí mo gbìyànjú, Access Denied, Access Denied. Inú bí mi, mo bá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, app ṣiṣẹ́, mo ní ó di Monday kí n tó tì í. Monday dé pẹ̀lú iṣẹ́ tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi wà bẹ́ẹ̀, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà ló sì wà nínú ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rí i o, ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà wa kan ló pe fóònù. Kláòdù yẹn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pé ilẹ̀kùn yìí ṣí, ó wà nínú log látọjọ́ kìíní, kò kàn sẹ́ni tó ń kà á ni.

Log yẹn, kó o sọ fún àbúrò ẹ pé kó fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú ẹ̀. Ní 2023, àwọn ará China kan ji kọ́kọ́rọ́ kan tí Microsoft fi ń fọwọ́ sí i pé ẹni tó fẹ́ wọ ímeèlì ni ẹni tó pe ara ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọdún 2016 ni, ó ti yẹ kí wọ́n sọ ọ́ nù tipẹ́, ti ímeèlì àwọn èèyàn lásán ló sì wà fún, àmọ́ nítorí àṣìṣe míì ó tún ń ṣí ti àwọn ilé iṣẹ́ àti ìjọba. Ìwọ wò ó o, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n wọ àpótí ímeèlì Gina Raimondo tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òwò Amẹ́ríkà nígbà yẹn, wọ́n wọ ti Nicholas Burns tó jẹ́ aṣojú wọn ní Beijing nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ àti àjọ 22 lápapọ̀, nǹkan bí ímeèlì 60,000 ló lọ ní State Department, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, nìkan. Ta ló rí wọn? Microsoft kọ́ o. State Department ni, torí pé àwọn ń sanwó lé owó kí wọ́n lè máa rí log tó kún, wọ́n sì ti ṣe aago kan sí i tó máa ké tí nǹkan bá rí bákan. Àwọn tí kò sanwó yẹn ò lè rí nǹkan kan. Àwọn ímeèlì yẹn kì í ṣe classified, ìyẹn ohun tí ìjọba kọ àmì àṣírí sí lára, ká sọ òótọ́, àmọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti kó gbogbo èèyàn jọ sábẹ́ òrùlé kan, ẹni tó ji kọ́kọ́rọ́ lándílọ́ọ̀dù ò nílò kọ́kọ́rọ́ yàrá kankan mọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ ní 2024 pé gbogbo ẹ̀ ló ṣeé dènà.

Ọ̀kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún bà mí nínú jẹ́. July 2025, ilé iṣẹ́ ìròyìn ProPublica gbé e jáde pé Microsoft ń lo àwọn ẹnjiníà tó wà ní China láti bá wọn tún kláòdù iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ṣe. Òfin ò gbà kí àlejò fọwọ́ kan dátà yẹn, wọ́n wá gba ọmọ Amẹ́ríkà tó ní clearance kó jókòó sáàárín, ẹni China á sọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà á tẹ̀ ẹ́. Ó ṣàn-án àbí? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ yìí ò mọ iṣẹ́ náà tó ẹni tó ń pè é fún wọn. Kí lo fẹ́ kó mọ̀ bí wọ́n bá pe ìlà kan tí kò dáa fún un? Èyí náà ò kan fáìlì classified, Microsoft sì ní àwọn ti dá a dúró, àmọ́ èmi rò pé ó jẹ́ kó yé èèyàn pé ilé tí o ní o kọ́ gànǹgàn sí ààfin ṣì nílò ẹni tó máa wá tún òrùlé ẹ̀ ṣe, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù olè, béèrè pé ta ni kápẹ́ńtà.

Iná náà wà níbẹ̀. September 2025 iná jó ilé dátà ìjọba South Korea ní Daejeon, bátìrì ló fà á, terabyte 858 iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jóná, kò sí ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì. Mi ò ní í pẹ́ lórí ìyẹn, kláòdù ńláńlá máa ń ní ẹ̀dà ní ibi mẹ́ta, owó ni.

Èyí tó kan ìwọ alára ló kù. Fọ́ọ̀mù tí àbúrò ẹ máa kọ fún clearance yẹn, SF-86 lorúkọ ẹ̀, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Wọ́n máa béèrè ibi tó ti gbé láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, gbèsè tó jẹ, bóyá ó mu igbó láti ọdún méje sẹ́yìn, wọ́n sì máa béèrè gbogbo ẹbí ẹ̀, bàbá, ìyá, àti ìwọ tó o wà ní Nàìjíríà, orúkọ ẹ, ọjọ́ ìbí ẹ, àdírẹ́sì ẹ, àti tó bá jẹ́ pé ìjọba lò ń ṣiṣẹ́ fún. Irú fọ́ọ̀mù yẹn gan-an làwọn kan kó lọ́dọ̀ OPM, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2015: èèyàn mílíọ̀nù 21.5, àti ìtẹ̀ka mílíọ̀nù 5.6. Pásíwọọ̀dù ṣeé yí padà, ìka ò ṣeé yí padà.

Wàá wá gbọ́ ibi tó burú sí. CIA ò fi fọ́ọ̀mù àwọn èèyàn tiwọn sí OPM, wọ́n gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí o bá ní gbogbo orúkọ OPM lọ́wọ́, tí o tún ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì kan, o kàn máa fi wọ́n wé ara wọn ni: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì tí fọ́ọ̀mù ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ta ni? Washington Post kọ ọ́ lọ́dún yẹn pé CIA ní láti kó àwọn kan kúrò ní ẹ́ḿbásì Beijing nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Fáìlì kan ò sọ àṣírí wọn, àìsí fáìlì ló lè tú wọn fó. Ohun tí kíkójọ máa ń ṣe nìyẹn, ọ̀rọ̀ kékeré ọgọ́rùn-ún tí kò já mọ́ nǹkan nígbà tó wà ní ibi ọgọ́rùn-ún, o kó o sójú kan, ó ti di àṣírí tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀.

Torí náà ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ, "ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa kó lọ?" Ó dọ́wọ́ bí wọ́n ṣe pín in nínú. Tí fáìlì kọ̀ọ̀kan bá ní àmì lára pé àwọn wọ̀nyí ló lè ṣí i, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ò ṣí èkejì, tí ẹni tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ò lè ka ohun tó ń gba inú ẹ̀ kọjá, tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnì kan tó gbé fáìlì ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan náà, olè á jí ti yàrá kan, inú á bí wa, ayé á máa lọ. Kláòdù lè ṣe gbogbo èyí ju kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sí lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n kó o kúrò. Àmọ́ ẹnì kan ló ní láti jókòó ṣe é, fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fáìlì, lọ́jọ́ Friday, laago mẹ́rin.

Tí àbúrò ẹ bá pè ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó ń béèrè ọjọ́ ìbí ẹ àti orúkọ tó wà nínú páspọ̀ọ̀tù ẹ, fún un bó ṣe rí gan-an, má fún un ní ọjọ́ ìbí iléèwé. Kó má sì lọ kọ ọ́ sí LinkedIn pé òun ti ní clearance, gbogbo wọn ló máa ń ṣe é, àwọn tó ń wá irú wọn kiri náà sì mọ̀.